Kòkòrò Tí Kò Gbóògùn

Obìnrin aláyẹ̀wò kan to àwo márùn-ún tí wọ́n gbin kòkòrò àrùn sí síwájú ọ̀gá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ oògùn wọn l'Ágége. Nínú mẹ́rin, oògùn tuntun tí wọ́n ń dán wò ti pa gbogbo kòkòrò àrùn tó yí i ká. Nínú ìkarùn-ún, kòkòrò ti hù bò ó mọ́lẹ̀.

"Da ìyẹn nù," ni ọ̀gá wí. "Àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo oògùn wa ti dé Dópémù nítòsí ibí."

"Sà, ara aláìsàn la ti mú un."

"Ẹnì kan ṣoṣo ò lè ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ta ni?"

Obìnrin náà wolẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbà á ní ọsibítù.

"Egbò ẹsẹ̀ màmá yín ni, sà."

Ọ̀gá gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń yí i, ó ń wá ibi tí kòkòrò kò tíì bò.