Aránṣọ Ní Ayé Ti Ń Parí

Ẹ̀rín aránṣọ kan ni mo ṣì ń gbọ́, ẹ̀rín tó máa ń bo ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ti darúgbó sílẹ̀ àjèjì, mo ti sìnkú ìyàwó níbẹ̀, ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi.

Fóònù mi dún. Òun ni.

"Oníbàtà, ilẹ̀ tún ti mì. Bíbélì kúkú ti sọ ọ́. Ayé ń parí lọ o."

Lóṣù tó kọjá, omíyalé ni. Ṣáájú ìyẹn, òkè tó ń yọná. Kò sí àjálù tí kì í fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọbìnrin mi yọjú léjìká mi, ó kà á.

"Bàbá mi, látìgbà tí ọkọ ìyá yìí ti kú ni kò ti jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. Ó fẹ́ dẹ́rù bà yín ni."

"Kò bà mí lẹ́rù."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń kà á lákàtúnkà?"

Fóònù tún dún.

"Oníbàtà, àmì wo lo tún ń dúró dè?"

Nígbà èwe wa, lọ́jọ́ tí mo ní kó fẹ́ mi, ó kọ́kọ́ rín ẹ̀rín yẹn ná, ó wá ní, "Ìwọ kẹ̀? Àfi tí ayé bá ń parí."

Mo tẹ èsì ránṣẹ́: "Aránṣọ, mo gbà, ó ń parí. Rán aṣọ funfun ìgbéyàwó rẹ. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."