Ẹrù Màmá

Aránṣọ kan kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọsibítù. Kò lè wo ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ̀bi kí ni, ìyàwó mi?"

"Dókítà ní kí n máa ti ilẹ̀kùn tí a bá fẹ́ sùn, torí pé ẹ máa ń rìn lójú oorun. Lánàá, mo gbàgbé. Mo tiẹ̀ gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn dún. Ó ti rẹ̀ mí, ni mo bá kọjú sí ògiri, mo ní kí ọmọ yín dìde lọ wò yín."

"Ìgbà wo ni ìyẹn jí rí? Àfi kí òrùlé jábọ́ lé e."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó gbé báàgì kan kalẹ̀. "Ẹrù Màmá rèé. Ọwọ́ wọn ló wà nígbà tí wọ́n ṣubú sí gọ́tà."

Aránṣọ náà ṣí i. Ó bá aṣọ tí wọ́n ká dáadáa níbẹ̀, pẹ̀lú òòyà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí Màmá bá sì ń rìn lójú oorun, kì í mú nǹkan kan dání, kì í tilẹ̀ wọ bàtà.

"Màmá, ṣé ẹ ò sùn ni?"

"Mi ò sùn. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ọkọ rẹ ní kíṣìnnì, pé ẹrù yìí ti wúwo jù fún ọ." Màmá fa báàgì náà mọ́ra. "Ni mo bá ní kí ẹrù gbé ara rẹ̀ lọ sílé."