Bàtà Olúwanífẹ́mi

Fọ́tò Olúwanífẹ́mi ni àlejò máa ń kọ́kọ́ rí ní pálọ̀ ìyá Jésùlọlá ní àdúgbò Challenge. Sùtánà funfun ló wọ̀ níbẹ̀, ó ya ẹnu, orin ń bọ̀ lọ́fun ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ìyá á ní, "Olúwanífẹ́mi ni. Kò sí nílé." Á sì yáa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná.

Jésùlọlá kì í jókòó kọjú sí fọ́tò yẹn. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí i tó bá ń jẹun.

Olúwanífẹ́mi tẹ́ẹ́rẹ́, oògùn ti mú Jésùlọlá sanra. Olúwanífẹ́mi ló ń lé orin ní ìjọ wọn ní Òkè-Àdó, yunifásítì sì ti gbà á wọlé. Jésùlọlá ló ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù ní kíníìkì kan ní Ring Road, nítorí àìsàn tó máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí ohùn náà ti dákẹ́. Síbẹ̀, láràárọ̀, fọ́tò ni ìyá kọ́kọ́ máa ń nù, á fi etí ìró ẹ̀ nù ún jẹ́jẹ́, Jésùlọlá á sì máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Kò rántí ìgbà tí ìyá ti wo òun bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí àìsàn kọ́kọ́ dé, wòlíì ìjọ wọn ní àìsàn náà ti mọ ọ̀nà ilé wọn, kí wọ́n pa gbogbo ohun tó mọ̀ dà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kó kúrò ní Òkè-Àdó. Wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n pààrọ̀ kọ́tìnnì, wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Fọ́tò àti báàgì aṣọ Olúwanífẹ́mi kan ni ìyá kọ̀, tó ní òun ò ní fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá lọ sọ́jà, Jésùlọlá tú báàgì náà. Kò sí gáùn kan tó kọjá èjìká ẹ̀. Inú bí i, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà dúdú tó wà nísàlẹ̀. Bàtà bá a mu wẹ́kú. Ó bọ́ ọ kíákíá bí ẹni tẹ iná.

Zùwáírátù, aránṣọ tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwọn, ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí. "Lọlá, ìwọ àti ẹni inú fọ́tò yìí mà jọra o! Àfi pé òun mọ ẹ̀rín rín."

"Ẹ jẹ́ ó máa rín ín," Jésùlọlá dáhùn. "Kí ló ń ṣe é?"

Lọ́jọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì Latifah kó àwọn ọ̀dọ́ tó gba abẹ́rẹ́ jọ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì fún wọn níṣẹ́. "Kí kálukú lọ síbì kan tó ti ń sá fún. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Àìsàn lẹ ṣe, ẹ ò jalè."

"Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n bá ń wò mí ńkọ́?" Sùrájù béèrè.

"Ìwọ náà wò wọ́n. Àbí àwọn nìkan ló lójú?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Jésùlọlá.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn. Ayẹni lorúkọ ẹ̀. Òun ni ọ̀gá akọrin tuntun ní Òkè-Àdó, onílé wọn àtijọ́ ló júwe ilé fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, Olúwanífẹ́mi ni mò ń wá. Kò sórin tí mo kọ́ wọn tí wọn ò ní sọ pé, 'Olúwanífẹ́mi ò ní kọ ọ́ báyìí.' Ó ti sú mi, mo ní kí n kúkú wá a wá!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìkórè wa ti dé tán. Tó bá lè wá sí ìdánrawò lọ́la, àga ẹ̀ wà níbẹ̀."

"Láti ọdún mẹ́ta?" Jésùlọlá béèrè.

"Màmá Adégbóyè, àgbà akọrin wa, ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó síbẹ̀."

Jésùlọlá bi ara ẹ̀ léèrè. Ta ló tọ́jú àga fún òun rí?

"Ẹ̀yin náà ń kọrin?" Ayẹni bi í.

"Èmi kẹ̀? Rárá o. Màá jíṣẹ́ fún un."

Kò sọ fún ìyá. Ó ti pinnu: òun fúnra òun á lọ sí Òkè-Àdó, òun á fòpin sí ọ̀rọ̀ Olúwanífẹ́mi níbẹ̀, iṣẹ́ tí Nọ́ọ̀sì Latifah fún àwọn á sì di ṣíṣe. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, okùn bàtà ẹ̀ já. Ó dúró díẹ̀, ó lọ síbi báàgì, ó wọ bàtà dúdú náà.

Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Orin ń lọ. Ọmọdé tí kò mọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn náà wò ó, òun náà wò wọ́n. Màmá Adégbóyè jókòó níwájú, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ìwé orin wà ní pípadé lórí itan ẹ̀ torí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Sùtánà kan tí wọ́n ká wà lórí àga òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Orin dúró.

"Ẹ káàsán o," Jésùlọlá wí. "Mo ní kí n wá sọ fún yín pé Olúwanífẹ́mi ò ní wá mọ́. Ẹ fún ẹlòmíì láàyè ẹ̀."

Màmá Adégbóyè ò tilẹ̀ yíjú padà, ó kàn gbé sùtánà kúrò lórí àga, ó fọwọ́ lu àga náà pẹ́pẹ́, ó ní: "Jésùlọlá tí wòlíì sọ ẹ́, kí àìsàn má baà dá ẹ mọ̀ mọ́, orúkọ gidi ni, ṣùgbọ́n wọn ò pààrọ̀ ohùn ẹ mọ́ ọn; Olúwanífẹ́mi, ọmọ mi, wá jókòó."