Ọ̀nà Tí Neville Kò Sọ fún Ẹnikẹ́ni

"Ọ̀nà wo lẹ máa gbà?"

"Ọ̀nà ńlá," ni Neville dáhùn. "Tètè kọ ọ́ sílẹ̀, Glenys. Des ti ṣáájú wa."

"Jẹ́ kó máa lọ. Ìlú ò ní sá."

"Ìlú ò ní sá lóòótọ́. Ẹnu Des ni mi ò lè fara dà."

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ìjókòó.

1.
Glenys ló ni ilé epo tó kẹ́yìn kí èèyàn tó wọ aṣálẹ̀ wa ní Ọsirélíà. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń sọ ọ̀nà tó máa gbà àti ìgbà tó máa dé fún un. Bí a ò bá gbúròó rẹ, ọ̀nà yẹn la máa gbà wá ọ lọ. Bí o bá yí ọkàn padà, wàá padà wá sọ.

Neville Craddock, tó ń tún ẹ̀rọ kànga ṣe, mọ òfin yìí ju gbogbo wa lọ. Òun àti Verna ìyàwó rẹ̀ ń lọ síbi eré ẹṣin, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Des, àbúrò Verna, ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjàpá ló ń wà, kì í ṣe ọkọ̀.

2.
Ní oríta, Neville yà sí ọ̀nà àtijọ́ tó gba ẹ̀bá adágún iyọ̀, kó lè fi wákàtí méjì gé e kúrú. Verna ní kí wọ́n padà lọ sọ ná.

"Ká padà sẹ́yìn ní ogún kìlómítà torí ọ̀rọ̀ ẹnu?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ni wọ́n fi ń rí èèyàn, Neville."

Neville tẹná mọ́ ọkọ̀.

Ní ọ̀sán, ilẹ̀ iyọ̀ já lábẹ́ wọn, ẹrẹ̀ dúdú gbé táyà mì. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ́kọ̀ ń rì. Fóònù ò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

3.
Òfin kejì: má fi ọkọ̀ sílẹ̀. Láti òkè, ọkọ̀ máa ń hàn, èèyàn kì í hàn.

Verna jókòó síbi òjìji ọkọ̀. Neville jókòó, ó dìde. Ó gun orí ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní Des á ti máa mu bíà báyìí, á máa fi òun rẹ́rìn-ín. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́ ni Verna ń bẹ̀ ẹ́.

"Jókòó tì mí. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

"Mi ò lè jókòó kí n máa wo ikú. Kànga kan wà níwájú, ọwọ́ mi ni mo fi tún un ṣe."

Ó bu omi sínú ìgò kan, ó lọ.

4.
Ọjọ́ méjì ni Des àtàwọn ọlọ́pàá fi wá wọn lójú ọ̀nà ńlá. Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ òfuurufú tó yà sọ́nà àtijọ́. Verna ṣì ń mí. Kìlómítà mẹ́sàn-án síbẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú Neville. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí po lójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin arìnrìn-àjò, ọ̀nà tí ẹ bá sọ ni kí ẹ gbà. Bó bá yí padà, ẹ padà lọ sọ, ì báà jìnnà. Bí ọkọ̀ bá rì, ẹ jókòó tì í. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Des ń sunkún pé ẹnu òun ló pa á. Verna ní kì í ṣe ẹnu ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ sàréè, ó sì yíjú sọ́nà.

"Sinmi jẹ́ẹ́ wàyí, Neville. Lónìí, ìwọ lo jókòó, èmi ni mo ń lọ."