Ẹ̀bẹ̀ tí Láṣebìkan Kò Bẹ̀

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ akọ̀wé inú ṣọ́ọ̀bù a máa kọ ímeèlì lórúkọ Láṣebìkan aránbàtà sí àwọn oníbàárà rẹ̀, a sì fi oríkì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láṣebìkan kò fọkàn tán an rárá. Ta ló kọ́ ọ ní oríkì ọmọ ọlọ́mọ?

Lọ́jọ́ kan, Gbádébọ̀, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ tó di ọ̀tá rẹ̀ láti ìgbà ìjà ààlà ilẹ̀, yọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mo rí ẹ̀bẹ̀ tí o fi ímeèlì bẹ̀ mí."

"Èmi? Kí n bẹ ìwọ? Ẹ̀rọ ló kọ ọ́!"

"Mo mọ̀, alágídí. Ẹ̀rọ tèmi náà ti fèsì pé mo dárí jì ọ́. N kò sì tíì dárí jì ọ́ o."

Àwọn méjèèjì yíjú sí ẹ̀rọ náà. Láṣebìkan sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

"Jókòó. Rọra sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ wa."