Àdéhùn Aláìdárúkọ

Nílé, Tuni ni wọ́n ń pè é. Lórí kọ̀ǹpútà, Raihana ni, nítorí orúkọ ilé wà fún ilé, orúkọ ìwé wà fún ìwé, kò sì sí ọmọ Bogura ní Bangladesh kan tí í pa méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó ń tà. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó ń fẹ̀yìn tì, ẹni tó fẹ́ bẹ àna rẹ̀, ẹni tó ń lọ kí ọlọ́fọ̀ tí kò mọ ohun tí yóò wí, gbogbo wọn a máa wá a rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, Tuni sì ti fi tirẹ̀ yọ àna méjì nínú ìbínú.

Kí ó tó kọ ohunkóhun, àdéhùn ni yóò kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rí màbo lọ́wọ́ oníbàárà kan rí, tó ní kó tún ọ̀rọ̀ ìdágbére kan ṣe títí ó fi sú u, tó sì poora. Láti ìgbà náà, àdéhùn Tuni ti le. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni oníbàárà ní. Bí oníbàárà bá sì ti tẹ "Mo gbà á", ó parí nìyẹn, a kì í tún un ṣí.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, ọkàn Tuni kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbi iṣẹ́. Wọ́n ti wá wò ó láti ilé Tutul, ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ kó fẹ́. Momtaz Khala, ìyẹn àǹtí Momtaz, alárinà, ló mú wọn wá. Orúkọ ilé nìkan ló gbé wá, nítorí ó ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ìwé àti ìdílé sí kò gbọdọ̀ jáde kí ilé méjèèjì tó jọ jẹ àdídùn. Kí àwọn àlejò tó wọlé, ó fa Tuni létí.

"Gbọ́ mi dáadáa. Orí ni kó o máa mì. Ọmọbìnrin tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní ìjà ló máa gbé wọlé ọkọ."

Tuni fi aṣọ borí, ó jókòó, ó mi orí. Tutul náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí tíì rẹ̀ dà sínú abọ́ abẹ́ ife, ó gbé abọ́ náà, ó fà á mu bí àgbàlagbà tó jókòó sí ìsọ̀ tíì, ó sì wo Tuni bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀rín pa Tuni lábẹ́ aṣọ yẹn. Ó fẹ́ ẹ. Kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń retí kí Khala mú èsì bọ̀.

Ibi tó ti ń retí ni iṣẹ́ kan ti wọlé, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń jẹ́ S. Enam.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Mo fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ilé kan máa fi sọ fún ilé kejì pé àwọn ò lè bá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí lọ mọ́. Àmọ́ kó má dùn wọ́n."

"Kò sí ìṣòro, Apa," Tuni kọ ọ́ padà. Ó pè é ní Apa, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin, nítorí ó ti pinnu pé obìnrin ni S. Enam, torí ọkùnrin kì í bìkítà bóyá ó dun èèyàn. "Ẹ ka àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ilé Kìíní la ó máa pe ilé yín. Tọ̀hún, Ilé Kejì. Mi ò fẹ́ mọ orúkọ."

S. Enam kò bá a jiyàn. Ó fọwọ́ sí i.

"Kí ni Ilé Kejì ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ẹni náà gan-an ni ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n sọ. Ta ló máa wá dá àlejò lóhùn nílé wa?"

Tuni rẹ́rìn-ín. Ó rí ọkùnrin náà lọ́kàn ara rẹ̀, tó jókòó láìmira bí àpò ìrẹsì. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbólóhùn tó kẹ́yìn sì dùn mọ́ ọn débi pé ó kà á sókè: "Ilé yín kò ní àbùkù kankan, ẹsẹ̀ tiwa ni kò gùn dé ẹnu ọ̀nà yín."

S. Enam kà á tán, ó kọ̀wé padà.

"Ó dára. Ó dára débi pé mo ti ń rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé kí n ní sùúrù ná? Bóyá ẹ̀rù ló ba ẹni yẹn. Mo lè ní ká tún fojú kanra lẹ́ẹ̀kan sí i."

Tuni wo ohun tó kọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó mọ ohun tí ojú ẹni tó ń retí èsì ń rí. Àánú ẹni tó wà ní Ilé Kejì ṣe é.

"Apa, ẹ má bínú o, mò ń sọ̀rọ̀ bí àbúrò ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa na ọrùn wọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ fẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó mọ̀, kó lè wá ibòmíì gbà. Ẹni tí ò sọ̀rọ̀ lánàá, ṣé ọ̀la ló máa wá sọ ọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ."

"Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ míì lẹ fẹ́, àdéhùn tuntun nìyẹn. Mi ò ráyè lọ́sẹ̀ yìí. Mò ń retí àlejò."

S. Enam tẹ "Mo gbà á". Ó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun kò tíì bá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ báyìí pàdé rí.

Momtaz Khala dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìyá Tuni ti gbé àdídùn kalẹ̀, Tuni sì lọ bu tíì wá. Khala, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò fọwọ́ kan nǹkan. Ó wú ikọ́, ó kó ọwọ́ méjèèjì sórí itan bí ọmọléèwé tí olùkọ́ ní kó ka àkọ́sórí.

"Ilé Tutul ní kí n kí yín," ó ní. "Wọ́n ní bí àwọn ṣe kọ́ mi ni kí n ṣe sọ ọ́, kí n má fi tèmi kún un. Wọ́n ní ilé yín kò ní àbùkù kankan..."

Ibẹ̀ ló ti gbàgbé èyí tó kù, ó ń wo àjà, Tuni bá rọra gbé tíì kalẹ̀, ó sì bá a parí rẹ̀: "Ẹsẹ̀ tiwa ni kò gùn dé ẹnu ọ̀nà yín."