Ọ̀bẹ Dọ́gù Kréènì ní Ìta Fájì

Nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, tí gbogbo Ìta Fájì ń rùn fún koríko àti ìgbẹ́ àgbò, Bàbá Lùkúmọ̀n ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, Muqtadir àti Mùs'áb, pé kí wọ́n mú ọ̀bẹ wọn wá. Bàbá ló ń dúńbú ẹran ọdún fún agboolé náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ ti wá ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, títí ọwọ́ tiẹ̀ náà yóò fi máa gbọ̀n.

Muqtadir fẹ́ ipò yìí dọ́kàn. Ìkòyí ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ̀ pé àwọn ará ilé máa ń sọ lẹ́yìn òun pé òun ti di àlejò. Ọ̀bẹ ló fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ọ̀bẹ ọ̀hún kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná. Ọ̀bẹ ìjà ni, irú èyí tí sójà máa ń so mọ́ itan. Orúkọ Dọ́gù Kréènì wà lára irin rẹ̀, ìyẹn òṣèré Amẹ́ríkà tó máa ń dá nìkan ṣẹ́gun odidi orílẹ̀-èdè nínú fíìmù. Muqtadir san owó rẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, nínú páálí tó dára ju páálí bàtà ìyàwó lọ.

Mùs'áb, tó ń ta bẹ́líìtì ní Apọ́ngbọ̀n, mú Dọ́gù Kréènì tiẹ̀ náà wá. Abẹ́ bíríìjì ló ti rà á. Ó fi táwẹ̀lì wé e mọ́ abẹ́ apá.

Àgbàlá ni wọ́n ti pàdé. Muqtadir ti yọ tiẹ̀ nínú páálí, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn. Àǹtí Basheerah, ọmọ Bàbá, fi ọwọ́ bojú nítorí bó ṣe ń dán. Àgbò ńlá tí wọ́n so mọ́ ìdí kànga náà gbé orí sókè, ó dáwọ́ koríko jíjẹ dúró.

"Èyí á fá irùngbọ̀n o," Àǹtí Basheerah sọ.

"Mùs'áb, mú tìẹ jáde ká rí i," Muqtadir sọ.

"Ó dìgbà tá a bá wọlé," Mùs'áb dáhùn, ó sì tún táwẹ̀lì náà wé dáadáa. Muqtadir rẹ́rìn-ín.

Bàbá jókòó sí pálọ̀. Ó ní kí Basheerah fa kọ́tìnnì, pé oòrùn ń mú òun lójú. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀bẹ méjèèjì sórí itan.

Ó fi èékánná ta irin Muqtadir. Ó dún gíìn, ohùn náà sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó lọ. Ti Mùs'áb dún kọ́, bíi ṣíbí. Bàbá wá mú fáìlì tí àwọn wẹ́dà fi ń ha irin, ó fà á lẹ́nu ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan. Fáìlì ń yọ̀ lórí ti Muqtadir, kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Lórí ti Mùs'áb, ó jẹun yó.

"Irin tìẹ jiná," Bàbá sọ fún Muqtadir. "Ẹni tó rọ ọ́ mọṣẹ́. Eyín ayùn tí wọ́n ṣe sẹ́yìn rẹ̀ yìí ò wúlò, ti fọ́tò ni. Nínú owó tó o san, ìdajì jẹ́ ti orúkọ, ìdajì jẹ́ ti ọ̀bẹ."

"Tèmi ńkọ́, Bàbá?" Mùs'áb béèrè.

"Ìwọ, orúkọ nìkan lo rà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Mùs'áb náà sì bá wọn rín in. Ó ní òun ti fura bẹ́ẹ̀ láti abẹ́ bíríìjì.

"Ẹ lọ pọ́n wọn," Bàbá sọ, "kí n wo ẹnu wọn."

Òkúta ìpọ́nbẹ wà létí kànga. Muqtadir ká ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó tì í, ó bu omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ọn. Ó ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Àwọn obìnrin ilé jáde wá wòran. Ó fi ọ̀bẹ náà fá irun apá rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá ṣí igun kọ́tìnnì díẹ̀, ó ní òun fẹ́ afẹ́fẹ́.

Mùs'áb dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó wo gbogbo wọn. Ó ṣa àfọ́kù òkúta kan nílẹ̀, ó fi táwẹ̀lì bo ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde sí títì.

"Ojú ń tì í," Àǹtí Basheerah sọ. "Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò tiẹ̀ ní padà wá."

Àánú rẹ̀ ṣe Muqtadir. Ó pinnu pé òun á ní kó wá bá òun di ẹsẹ̀ àgbò mú lọ́la.

Nígbà tí Mùs'áb dé, tí wọ́n padà sí pálọ̀, Bàbá fi ọ̀bẹ méjèèjì gé ìwé ìròyìn. Ti Mùs'áb fa ìwé ya. Ti Muqtadir gba àárín rẹ̀ kọjá láìdún.

"Kò sí àríyànjiyàn," Bàbá sọ. "Ọ̀bẹ Muqtadir la máa lò."

Inú Muqtadir dùn débi pé omi lé sí i lójú. Àǹtí Basheerah ti ń kí i kú oríire. Bàbá nu ọ̀bẹ náà, ó fi fìlà ara rẹ̀ wé e, ó sì nà án sí Mùs'áb.

"Gbà á. Ìwọ lo máa dúńbú."

Muqtadir wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ti Mùs'áb.

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé irin tèmi ló dáa jù?"

"Òun ló dáa jù, ọmọ mi," Bàbá dá a lóhùn jẹ́jẹ́, "àmọ́ níṣojú àgbò tá a máa pa lọ́la lo ti pọ́n ọn, Mùs'áb nìkan ló sì rántí pé kò yẹ kí ẹran rí ọ̀bẹ."